Ẹ́ńjìnnì Tí Yèyé Yàn

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́mọ́ọ̀mù sọ pé ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni ìyá tó lọ yìí. Àwọn èèyàn ṣe àmín. Àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí a jókòó sórí ẹní lẹ́yìn wo ara wa lójú, a sì dorí kodò, torí ẹ̀rín fẹ́ pa wá níbi tí kò yẹ ká ti rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé Yèyé bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Yèyé bẹ̀rù àgbàrá pẹ̀lú, ó bẹ̀rù ajá tí kì í gbó, ó bẹ̀rù ẹja eléegun, ó bẹ̀rù kí ọmọdé máa rẹ́rìn-ín jù láàárọ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá pẹ́ díẹ̀ kó tó ti ilé ìwé dé, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bá Yèyé lórí ìdúró, tó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, tó ń wo òpin títì.

A ó ní, "Yèyé, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Yóò ní, "Kò tíì sí nǹkan kan. Òun ni mò ń dúró dè."

Èyí tó bẹ̀rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iná. Uná ló máa ń pè é, bí àwọn àgbà Ẹ̀fọ̀n ṣe ń pè é, àwa tí wọ́n ń kọ́ ní Yorùbá inú ìwé a sì máa sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣáná ń bẹ ní yàrá rẹ̀, kẹrosíìnì ń bẹ nílé ìdáná, a kò sì gbọdọ̀ rí méjèèjì pọ̀ lójú kan àfi bí a bá fẹ́ tan fìtílà. Kò jẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ògúnná. Lásìkò ọyẹ́, ìyá mi ló máa ń bá a kó o wá kó lè yáná, yóò sì jókòó jìnnà sí i débi pé òtútù náà ni yóò máa mú un. Bí a bá ní kó sún mọ́ ọn, yóò ní, "Uná ò mọ ẹni tó dá a."

Ó nídìí. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo Ẹ̀fọ̀n mọ̀ ọ́n sí, torí òun ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, àgbàdo àti èlùbọ́ ní àdúgbò wa. Bẹntiróò ni ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ rà ń mu. Kí wọ́n tó bí mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ń bu epo fún un lọ́jọ́ ọjà kan, ẹ̀rọ náà ṣì gbóná, èrò sì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Epo náà gbaná lójijì, ó sì bó apá òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Láti ìgbà náà, bùbá alápá gígùn ló ń wọ̀, ooru ìbáà mú títí. Ó ta ẹ̀rọ náà, ó ra èyí tí ń mu dísù, tí ọkùnrin abara líle gbọ́dọ̀ fi irin yí kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì. Kò lè tú u, kò sì mọ orúkọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Etí ló fi mọ̀ ọ́n. Ó lè máa kírun nínú yàrá, bó bá ti sálámà tán ni yóò pariwo sí ṣọ́ọ̀bù pé, "Ẹ bu ọ́ìlì fún un, ó ń sunkún!" Wọn yóò wò ó, wọn yóò rí i pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan bó ṣe mọ̀. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì kì í purọ́. Ẹni tí ń tà á ló ń purọ́."

Nígbà tí bàbá mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ ra ọkọ̀, Yèyé ní òun náà ní ohun tí òun fẹ́ sọ.

Obì àti kòkó ni bàbá mi ń rà. Ìkòrò ló ti ń rà á, àti Ìlogbò, àti àwọn oko tó wà lẹ́yìn Ìkọ́gòsì, níbi tí lọ́rì kì í lè dé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Jíìpù ló ń wá, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ń tà á ní Ìbàdàn sọ fún un pé ti bẹntiróò wà nílẹ̀, ó lè máa wà á lọ; ti dísù, yóò dúró títí tí òmíràn yóò fi tọkọ̀ ojú omi dé. Bàbá mi kò rí ìdí tí èèyàn fi máa dúró. Ti bẹntiróò fúyẹ́, kò pariwo, ó ń sáré gun òkè, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì ń jí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú àkókò tí à ń sọ. Lẹ́yìn òmìnira ni, kí ogun tó dé, nígbà tí ìjà ìbò gba gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn kan. Bẹntiróò ti kúrò ní ohun tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ nìkan. Wọ́n ń dà á sára ilé, wọ́n ń dà á sára èèyàn. Bí a bá rí ẹni tó gbé garawa kọjá ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa la ó dákẹ́ títí a ó fi rí ilé tó yà sí. Ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n nígbà náà, inú àgbá ló ń tọ́jú epo sí nílé ara rẹ̀.

"Yèyé, ti bẹntiróò ń dúró dè wá," bàbá mi sọ. "Bí mo bá lọ lọ́la, mo lè wà á bọ̀ lọ́tùn-únla."

"Níbo lo máa gbé àgbá epo rẹ̀ sí?"

"Nínú yàrá ẹrù."

"Èyí tó fara ti ibi tí àwọn ọmọ ń sùn."

"Yèyé, gbogbo èèyàn ló ń gbé e sílé."

"Ulé gbogbo èèyàn náà ló sì ń jó."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá dákẹ́ lọ́sàn-án, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ìyá mi a máa bu ọbẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó sú bàbá mi, ó ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Jímọ̀, ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà fún un, tó ti wa ọkọ̀ agégẹdú fún ọdún púpọ̀. Bàbá mi rò pé yóò gbe òun. Bọ̀dá Jímọ̀ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ títí.

Ó ní, "Yèyé, mo ti wa méjèèjì. Bó bá jẹ́ odò ni mo fẹ́ là kọjá, ti dísù ni kẹ́ ẹ fún mi. Kò ní wáyà tí omi lè pa iná inú rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ àárọ̀ ọyẹ́ ni, tí nǹkan sì ń kán mi lójú, ti bẹntiróò ni. Dísù kì í fẹ́ẹ́ sítáàtì nínú òtútù. Mi ò lè tan yín."

Bàbá mi lu itan rẹ̀. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wà á!"

Yèyé fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì rẹ̀ mú lórí bùbá. Ó ní, "Èyí tó pẹ́ kó tó jí ò tíì jó mi rí. Èyí tó tètè jí ló jó mi."

Síbẹ̀ ó ní òun máa bá bàbá mi dé Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló lọ síbẹ̀ láyé rẹ̀. Bàbá mi ló sọ fún wa bó ṣe rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta ọkọ̀ náà jí ti bẹntiróò fún wọn, ó rọra ń kùn bí oyin. Lẹ́yìn náà ó jí ti dísù kan tí oníbàárà gbé wá tún ṣe. Èyí gbọn jìgìjìgì, èéfín sì bo ilẹ̀. Yèyé rìn lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé imú ọkọ̀ náà, ó di ojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Yèyé bi í pé, "Bó bá kọ̀ tí kò jí ńkọ́, kí ni ká ṣe?" Ó ní, "Màmá, tiyín kò lè kọ̀ láéláé, ọkọ̀ tuntun ni." Yèyé yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Ẹni tó ní kò lè kọ̀ yìí, má ṣe bi í ní nǹkan kan mọ́."

Ti dísù ni wọ́n rà. Oṣù mẹ́ta ni a fi dúró dè é.

Òjò àkọ́kọ́ tí jíìpù náà rí, ó dà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Èmi, bàbá mi àti Yèyé wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí odò kún lójú ọ̀nà oko Ìkọ́gòsì. Ọkọ̀ bẹntiróò kan ti kú sáàárín odò náà, ọlọ́kọ̀ náà sì jókòó lé orí rẹ̀ bí ẹni tó gun igi. Bọ̀dá Jímọ̀ ní Bísímílà, ó fa irin tó ń mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, ó sì rọra wọ inú odò. Omi dé ilẹ̀kùn. Omi wọ bàtà mi. Ẹ́ńjìnnì náà ń kùn wúyẹ́wúyẹ́, kò yára, kò sì dúró. Nígbà tí a gùnkè, a fi okùn fa ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni jáde, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Yèyé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo gbà fún yín."

Gbogbo wa ń yọ̀. Yèyé nìkan ni ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo ní, "Yèyé, ṣé inú yín ò dùn ni?" Ó ní, "Ó dùn. Àmọ́ ibi tó ti wúlò kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù."

Kí n tó sọ ohun tí ọyẹ́ tó tẹ̀lé e gbé wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ Yèyé dà, torí òun ni àwọn aládùúgbò ṣì ń fi rántí rẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn, kò sí àárọ̀ ọyẹ́ kan tí Yèyé kò jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tó fi aṣọ ìbora di orí, tó lọ dúró ti jíìpù náà pẹ̀lú Bọ̀dá Jímọ̀. Wọn yóò jí i, yóò kùn títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná, wọn yóò pa á. Bí kò bá sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ, wọn yóò jí i. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ nípa epo tó ń ṣòfò. Nígbà tí ìyá mi tún lóyún àbúrò mi, Múfútáù, Yèyé sọ ọ́ di àárọ̀ àti ọ̀sán. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pé, Bọ̀dá Jímọ̀ ti jókòó sídìí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Múfútáù kò dúró de ẹnikẹ́ni. A ṣì ń wá aṣọ tí ìyá mi máa wọ̀ nígbà tí a gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú yàrá. Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Ọjọ́ tó jí lásán yìí ni mo fẹ́ràn jù."

Ọyẹ́ ọdún tí mò ń sọ burú. Ẹ̀fọ̀n wà láàárín òkè, bí ọyẹ́ bá dé, kì í tètè lọ. Ìkùukùu a máa sọ̀ kalẹ̀ lára òkè wá bo òrùlé, omi inú ìkòkò a sì máa ta eyín. Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá. Ìyá mi lóyún èyí tó ṣáájú Múfútáù, ó sì ń rọbí láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá agbẹ̀bí jáde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ọmọ náà dábùú, pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà, kí wọ́n má jókòó.

Bọ̀dá Jímọ̀ ti wà nídìí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ké hùn, hùn, bí ẹni tí wọ́n fipá jí, ó dákẹ́. Ó tún gbìyànjú. Dísù ní irin kéékèèké nínú tó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó lè jí. Wọn kò gbóná. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, bátìrì kò ké mọ́ rárá. Bàbá mi rán èèyàn lọ sí ibùdókọ̀. Ẹni náà sáré padà wá, ó ní gbogbo lọ́rì ti lọ sọ́jà Aràmọ̀kọ. Ìyá mi fara ti èjìká mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wúwo, òógùn ń bọ̀ lára rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń lọ eyín.

Bàbá mi fi ọwọ́ gbá jíìpù náà. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ níwájú gbogbo wa.

"Ẹ rí i báyìí, Yèyé. Ẹ rí ohun tí ẹ yàn."

N kò gbọ́ ọ kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Yèyé yí padà. Ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo rò pé ó lọ sunkún ni.

Nígbà tó jáde, agbada irin ló gbé lọ́wọ́, ó kún fún ògúnná. Ó ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè kó má baà gbaná, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí àpá ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ó ń dán, ó sì hunjọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí agbada náà lè jìnnà sí i.

Bọ̀dá Jímọ̀ fò sílẹ̀. "Yèyé! Iná lábẹ́ ọkọ̀ kẹ̀!"

"Ọ́ìlì rẹ̀ ló dì. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀yin agégẹdú máa ń ṣe é. Dísù ni, kì í gbaná bíi tìyẹn. Súlè ọmọ mi, lọ gbé omi gbígbóná tó wà lórí ààrò, kí ẹ dà á sí i níwájú."

Ó dojú bolẹ̀ nínú eruku, ó ti agbada náà wọ abẹ́ ikùn ẹ́ńjìnnì. A rò pé yóò dìde. Kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó di etí agbada náà mú pẹ̀lú aṣọ, ó ń wo iná náà láìṣẹ́jú. Bàbá mi tó ti gbé omi dé bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde. Ó ní, "Bí yóò bá gbaná, èmi ni kó kọ́kọ́ rí."

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Oòrùn ti ń pọ́n lórí òkè nígbà tó ní kí wọ́n fa agbada náà jáde. Àwọn ọkùnrin àdúgbò pé sẹ́yìn jíìpù, wọ́n tì í sí ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níwájú ilé wa. Ó yí lọ, ó yí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó húkọ́, ó tu èéfín funfun bí òkè, ó sì jí.

Lójú ọ̀nà, láti Ìtawúrẹ́, ìkóríta tó wà níta Ẹ̀fọ̀n, títí dé Iléṣà, orí ìyá mi wà lórí itan mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Yèyé. Ní gbogbo òkè tí a bá ń gùn, ojú Yèyé a lọ sí ibi tí ariwo ẹ́ńjìnnì ti ń wá, a tún padà sójú ìyá mi.

Wọ́n gba ìyá mi là. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Kò ké.

Yèyé dá nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọmọ mi, ká ní a tètè dé ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí agbada ti jó, tó ti lé ròrò. Ó ní, "Màmá, a ò lè mọ̀."

Mo rò pé gbólóhùn yẹn ló bá a gbélé títí ó fi kú. Ká ní wọ́n sọ pé òun ló fà á ni, ì bá mọ ohun tó máa ru. Bàbá mi wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ tó jó náà sórí orúnkún rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ọwọ́ ọmọdé. Yèyé kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ní ọ̀sán, wọ́n ní ká wọlé wá wo ìyá mi. Yèyé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá ọkọ níwájú ìyàwó ilé, ìyá mi sì ń gbìyànjú láti gbé e dìde, kò lágbára.

"Ràmọ́tà, èmi ni mo yan ọkọ̀ yẹn. Ọkọ rẹ kọ̀, èmi ni mo ta kú. Má ṣe bínú sí i. Èmi ni kó o bínú sí."

Ìyá mi yí orí sí ìta. Mo rí i tó ń tẹ́tí sí nǹkan kan lójú fèrèsé.

"Kí ló ń kùn níta yẹn?"

"Ọkọ̀ wa ni," Yèyé sọ. "Mo ní kí Jímọ̀ má ṣe pa á. Ẹ̀rù ń bà mí ni, bóyá wọ́n tún máa ní ká máa gbé ọ lọ síbòmíràn."

Láti àárọ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí, tí wọ́n fi di ọmọ náà sínú aṣọ funfun, jíìpù náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi, Bọ̀dá Jímọ̀ sì jókòó tì í.

Ìyá mi fi ọwọ́ kan gèlè Yèyé. Ó ní, "Ẹ ní kó pa á, Yèyé. A ti dé."

Yèyé jáde. A gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ariwo náà sì dákẹ́. Nígbà tó padà wọlé, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dùbúlẹ̀, ó sì sùn. N kò rí i kó sùn lọ́sàn-án rí, torí ó máa ń ní kò sẹ́ni tó máa bá òun ṣọ́ ilé. Eṣinṣin ń bà lé ọwọ́ rẹ̀ tó jó. Mo jókòó tì í, mo ń lé wọn, títí ilẹ̀ fi ṣú.